Ẹ̀tọ́ Tó Ti Fìdí Múlẹ̀ àti Àṣẹ Ìjọba Lórí Ìlò Ilẹ̀: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ìtàn Èkó, 1861 sí 2003

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí wo bí ẹ̀tọ́ tí ẹbí àti ẹnì kọ̀ọ̀kan ti ní lórí ilẹ̀ ṣe ń bá àṣẹ ìjọba lórí ìlò ilẹ̀ pàdé nínú ìtàn Èkó. A bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní 1861, a sì bá a dé ìdájọ́ Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní 2003. Ohun tí a rí ni pé òfin tuntun kì í sábà sọ fún onílẹ̀ pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ti parẹ́. Ẹ̀rí tí òfin ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa ń yí padà, ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀rí àtijọ́ nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló sì ń pàdánù. A fi àbá fún àwa tí a ń kọ́ àwọn olùkọ́ parí iṣẹ́ náà.

Ìfáàrà

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń ṣiṣẹ́ ló dúró lórí ilẹ̀ tí àwọn ẹbí kan ti fi dáko rí. Ìjọba gba ilẹ̀ náà, a sì kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ sí i. Lẹ́yìn ọgbọ̀n tàbí ogójì ọdún, ọmọ ẹbí náà dé pẹ̀lú lọ́yà. Ó ní wọn kò san owó gbà-máà-bínú bàbá òun tán, tàbí pé odi ilé-ẹ̀kọ́ ti kọjá ààlà tí wọ́n jọ fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Ilé-ẹ̀kọ́ á ní gáàsẹ́ẹ̀tì ìjọba wà lọ́wọ́ òun. Ọmọ ẹbí á ní pẹ̀rẹ̀gún tí bàbá bàbá òun gbìn ṣì wà ní ààlà. Ó lè jẹ́ pé òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ.

Ìbéèrè méjì ló wà nínú irú aáwọ̀ báyìí, a sì máa ń pa wọ́n pọ̀. Èkíní ni pé, ta ló ni ilẹ̀? Èkejì ni pé, ta ló ní àṣẹ láti sọ ohun tí a lè ṣe lórí ilẹ̀ náà? Ènìyàn lè ni ilẹ̀ kí ó má lè kọ́ ilé epo sí i. Ìjọba náà lè ní àṣẹ lórí bí a ṣe ń kọ́lé láì jẹ́ pé òun ló ni ilẹ̀. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé ìbéèrè kẹta fara pamọ́ sáàárín méjèèjì, òun ló sì ń dá ẹjọ́ gan-an: kí ni a ó gbà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí?

A yan Èkó nítorí pé ibẹ̀ ni òfin ilẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́kọ́ bá àṣà Yorùbá pàdé, àti nítorí pé àwọn ẹjọ́ tó ti ibẹ̀ jáde ti di òpó tí ìdájọ́ lórí ilẹ̀ ń fara tì ní gbogbo Nàìjíríà.

Àṣẹ lórí ìlò ilẹ̀ kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó dé

Àwọn kan rò pé àwọn òyìnbó ló kó àṣẹ lórí ìlò ilẹ̀ wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ilẹ̀ ẹbí jẹ́ ti àwọn tó ti kú, àwọn tó wà láàyè àti àwọn tí a kò tí ì bí. Olórí ẹbí kàn ń bá wọn tọ́jú rẹ̀ ni. Kò lè tà á láì fọ̀rọ̀ lọ àwọn àgbà ẹbí. Bí àlejò bá wá tọrọ ilẹ̀ oko, á gbé obì àti ọtí wá, wọ́n á mú un lọ wo ààlà lójú àwọn tí oko wọn pààlà pẹ̀lú rẹ̀, á sì máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún.

Àlejò náà kò lè ṣe ohun gbogbo tó bá wù ú. Ó lè gbin iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Kò gbọdọ̀ gbin obì àfi bí onílẹ̀ bá gbà, nítorí pé igi tó ń pẹ́ nílẹ̀ lè sọ àlejò di onílẹ̀ lọ́la. Ní ọ̀pọ̀ ibi, onílẹ̀ ló ṣì ń kọ ẹyìn ọ̀pẹ tó wà lórí ilẹ̀ náà. Àṣẹ lórí ìlò ilẹ̀ gan-an nìyẹn, ìyàtọ̀ ibẹ̀ kàn ni pé ọwọ́ àwọn tó mọ ilẹ̀ náà dáadáa ló wà. Ẹ̀rí rẹ̀ wà lẹ́nu àwọn alábàápààlà, lára igi ààlà àti nínú ìrántí ìṣákọ́lẹ̀ tí a ti ń san bọ̀.

Ní Èkó, ọba kọ́ ló ni ilẹ̀. Àwọn olóyè Ìdẹ́jọ, àwọn onífìlà funfun bíi Olúwa, Onírù, Oníkòyí àti Àrómirẹ́, ni wọ́n ń ṣe olórí ilẹ̀ fún àwọn ẹbí wọn. Ó ṣe pàtàkì kí a rántí èyí bí a bá fẹ́ lóye ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1861.

Èdìdì Dòsùnmú, 1861

Ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹjọ, 1861, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, nígbà tí ọkọ̀ ogun Prometheus ti dúró sí etí omi. Ọ̀pọ̀ ìtàn tí a ń kọ́ nílé-ẹ̀kọ́ dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ kẹta ìwé náà sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀. Ó sọ pé bí ilẹ̀ bá ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, èdìdì Dòsùnmú lórí ìwé ni yóò jẹ́ ẹ̀rí pé kò sí ọmọ ìbílẹ̀ mìíràn tó ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ẹsẹ yìí ṣe. Kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ Ìdẹ́jọ kankan, kò sì sọ pé ẹbí kò ní ẹ̀tọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ó mú ẹ̀rí kúrò lẹ́nu àwọn alábàápààlà, ó gbé e sórí bébà, lábẹ́ èdìdì ọba tí kì í ṣe òun ló ni ilẹ̀. Kò pẹ́ tí ìjọba amúnisìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ènìyàn ní ìwé ilẹ̀ lórúkọ adé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ ẹnì kan ló máa ń wà nínú ìwé bẹ́ẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ sì lè jẹ́ ti ẹbí odindi. Àríyànjiyàn tó ti ibẹ̀ yọ wà níwájú àwọn ilé-ẹjọ́ Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹjọ́ Olúwa, 1921

Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ ní Àpápá lábẹ́ òfin gbígba ilẹ̀ fún ìlò gbogbogbò ti 1903, Olóyè Amodu Tijani, tó jẹ́ Olúwa nígbà náà, béèrè owó gbà-máà-bínú. Ilé-ẹjọ́ ní Nàìjíríà gbà pé ó ní ẹ̀tọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹ̀tọ́ náà kò ju ti ẹni tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ. Nítorí náà, ìwọ̀nba owó tí kò ní í rí gbà mọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń lo ilẹ̀ ni kí ìjọba san fún un.

Olúwa gbé ẹjọ́ náà lọ sí Privy Council ní London. Herbert Macaulay bá a lọ ní 1920, ọ̀pá àṣẹ Ẹlẹ́kọ̀ Èṣùgbàyí sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀pá náà wà lára ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ láàárín Ẹlẹ́kọ̀ àti ìjọba fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ní oṣù Keje 1921, Viscount Haldane ka ìdájọ́: ìyípadà ìjọba kò pa ẹ̀tọ́ àwọn tó ti ni ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ rẹ́. Àdéhùn 1861 kò sọ ilẹ̀ ẹbí di ti ìjọba. Owó tí ìjọba yóò san gbọ́dọ̀ jẹ́ iye tí a ń san fún ẹni tó ni ilẹ̀ pátápátá, tí Olúwa yóò gbà fún àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ méjì wà nínú ìdájọ́ yìí. Àkọ́kọ́, kò sọ pé ìjọba kò lè gba ilẹ̀. Ohun tó sọ ni pé bí ìjọba bá gbà á, ó gbọ́dọ̀ san owó ohun tó gbà. Èkejì, ilé-ẹjọ́ fetí sí àṣà. Ó gbà pé a kò lè fi ojú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wo ilẹ̀ Èkó. Ẹ̀rí ẹnu àti àṣà ìlú borí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó gba ìrìn-àjò sí London àti owó rẹpẹtẹ kí ó tó borí.

Ìlera ìlú àti ilé tí a wó, 1928 sí 1955

Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924. Ní 1928, ìjọba dá àjọ kan tí wọ́n ń pè ní LEDB sílẹ̀ láti tún ìlú ṣe. Ohun tuntun wọlé nígbà náà. Ìjọba kò kàn ń gba ilẹ̀ láti kọ́ ọ́físì tàbí ojú irin mọ́. Ó ń sọ bí ó ṣe yẹ kí ilé ẹni súnmọ́ ti aládùúgbò tó, ó sì ń wó èyí tí kò bá ìlànà mu. Ní 1946, òfin ètò ìlú mìíràn fún àwọn ìlú yòókù ní Nàìjíríà láǹfààní láti ní àjọ ètò ìlú tiwọn.

Iṣẹ́ LEDB tí àwọn ará Èkó rántí jùlọ ni ìwólé tó bẹ̀rẹ̀ ní àárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó ní 1955. Ilẹ̀ tó tó nǹkan bí 70 éékà ni wọ́n fẹ́ wó tí wọ́n sì fẹ́ tún kọ́. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Peter Marris ṣe ìwádìí lórí wọn, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ó rí i pé ilé tuntun dára ju ti àtijọ́ lọ lójú, ṣùgbọ́n owó ilé àti owó ọkọ̀ ga, àwọn obìnrin tó ń ṣòwò pàdánù oníbàárà, àwọn ẹbí tó ti ń gbé pọ̀ nínú agbo ilé kan sì túká.

Ẹ̀tọ́ wo ni àwọn wọ̀nyí ní? Ẹni tó ni ilé lè fi ìwé hàn. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá onílé tó ní yàrá nínú agbo ilé, tí ẹnikẹ́ni kò lè lé jáde lójú àṣà, kò ní ìwé kankan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá tó ti ń pàtẹ ọjà sí ẹnu ọ̀nà ilé kan náà fún ogún ọdún. Ètò ìlú kò mọ irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tó san fún un.

Òfin Ìlò Ilẹ̀, 1978

Ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹta, 1978, ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé Òfin Ìlò Ilẹ̀ jáde. Abala kìíní fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ Gómìnà, kí ó máa bójú tó o fún àǹfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ilẹ̀ ìgboro bọ́ sí abẹ́ Gómìnà, ti ìgbèríko sì bọ́ sí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ìbéèrè méjì tí a yà sọ́tọ̀ níbẹ̀rẹ̀, ẹni tó ni ilẹ̀ àti ẹni tó ń pàṣẹ lórí ìlò rẹ̀, wá bọ́ sí ọwọ́ kan náà.

Òfin náà gbìyànjú láti dáàbò bo ẹ̀tọ́ tó ti fìdí múlẹ̀. Abala 34 sọ pé ẹni tó ti ní ilẹ̀ ìgboro tí a ti ṣe nǹkan sí kí òfin tó dé á máa bá a lọ, bí ẹni pé Gómìnà ló fún un. Ilé, ọ̀nà, iná, omi tàbí ohun mìíràn tó bá mú kí ilẹ̀ níyì sí i, gbogbo wọn la kà sí nǹkan tí a ti ṣe sí ilẹ̀. Ẹni tí ilẹ̀ ìgboro rẹ̀ ṣì jẹ́ igbó kò rí irú ààbò yìí gbà. Ìdajì hẹ́kítà péré ni òfin fi sílẹ̀ fún un, ìyókù di ti ìjọba. Àwọn ẹbí tí wọ́n fi ilẹ̀ pamọ́ de àwọn ọmọ tí a kò tí ì bí, gẹ́gẹ́ bí àṣà ṣe kọ́ wọn, ni òfin yìí dùn jùlọ. Ohun tí àṣà ń pè ní ìtọ́jú ni òfin pè ní ilẹ̀ tí a kò lò.

Àwọn tó tilẹ̀ rí ààbò gbà rí i pé okùn ṣì wà lọ́rùn ẹ̀tọ́ wọn. Nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo ní 1989, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé ẹni tó ti ni ilẹ̀ ṣáájú 1978 pàápàá gbọ́dọ̀ gba ìfọwọ́sí Gómìnà kí ó tó lè fi ilé rẹ̀ dúró láti yá owó. Bí ìjọba bá sì gba ilẹ̀ padà fún àǹfààní gbogbogbò, owó gbà-máà-bínú wà fún ilé àti irè tó wà lórí rẹ̀. Ní ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀, owó ilẹ̀ tí a san ní ọdún náà ni a ó dá padà. Bí a bá fi èyí wé ìdájọ́ 1921, a ó rí i bí a ti rìn sẹ́yìn tó.

Síbẹ̀, àwọn adájọ́ kò jẹ́ kí òfin náà jẹ gbogbo ẹ̀tọ́ run. Ní 1990, nínú ẹjọ́ Ogunleye àti Oni, wọ́n sọ pé C of O tí a fún ẹni tí kò ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ kò lè borí ẹ̀tọ́ onílẹ̀. Ní 1991, nínú ẹjọ́ Abioye àti Yakubu, wọ́n sọ pé òfin 1978 kò sọ arọ́ko tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ di onílẹ̀. Ṣáájú èyí, ní 1976, ẹjọ́ Idundun àti Okumagba ti ka ọ̀nà márùn-ún tí a lè gbà fìdí ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ múlẹ̀, ìtàn àbáláyé ló sì ṣíwájú nínú wọn.

Ipò ìjọba ìbílẹ̀

Ìjọba ìbílẹ̀ ló súnmọ́ ilẹ̀ jùlọ, àmọ́ àṣẹ rẹ̀ lórí ilẹ̀ ló kéré jùlọ. Abala kẹta Òfin Ìlò Ilẹ̀ fún Gómìnà ní àṣẹ láti kéde ibi tó jẹ́ ìgboro. Bí ìlú ṣe ń fẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lè máa dínkù. Òfin ètò ìlú nọ́ńbà 88 ti 1992 gbé àjọ kalẹ̀ ní ipele mẹ́ta: àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀. Ó sì pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ́lé láì gba ìwé àṣẹ.

Ní 2003, nínú ẹjọ́ tí Ìpínlẹ̀ Èkó pe ìjọba àpapọ̀, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé ètò ìlú jẹ́ iṣẹ́ àwọn ìpínlẹ̀, àti pé ìjọba àpapọ̀ kò ní àṣẹ láti fúnni ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé nínú ìpínlẹ̀. Ìṣẹ́gun ńlá ni fún Ìpínlẹ̀ Èkó. Ṣùgbọ́n kò fún ìjọba ìbílẹ̀ ní nǹkan kan. Àfikún kẹrin Ìwé Òfin 1999 fún un ní iṣẹ́ bíi fífún òpópónà lórúkọ, kíkọ nọ́ńbà sára ilé àti ṣíṣe ìṣirò owó ilé. Àṣẹ ìkọ́lé kò sí níbẹ̀. Ohun tí ìpínlẹ̀ bá yọ̀ǹda fún un nìkan ló lè ṣe.

Níbi tí a bá òtítọ́ ọ̀rọ̀ dé nìyí. Nílé-ẹjọ́, ìtàn àbáláyé ṣì jẹ́ ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n lórí tábìlì tí a ti ń gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé, ìwé sọ́fè àti ìwé ilẹ̀ ni wọ́n ń béèrè. Akọ̀wé tó jókòó síbẹ̀ kò ní bi alábàápààlà léèrè. Ìwọ̀nba ènìyàn ló ń dé ilé-ẹjọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé lọ́nà òfin gbọ́dọ̀ dé ìdí tábìlì yẹn. Ẹni tí kò bá ní ìwé á kọ́lé láì gba àṣẹ, ilé náà á sì di èyí tí ìjọba lè wó nígbàkigbà. Nígbà tí ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó wó Màrókò ní oṣù Keje 1990, àwọn tí wọ́n lé jáde tó 300,000 gẹ́gẹ́ bí ìròyìn ṣe fojú bù ú.

Àtakò tó yẹ ká gbé yẹ̀wò

Ẹnì kan lè sọ pé bí kò bá sí ìwé, àwọn ọmọ onílẹ̀ á ta ilẹ̀ kan fún ènìyàn mẹ́ta. Òótọ́ ni. Àwọn ajagungbalẹ̀ da Èkó láàmú débi pé ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin pàtàkì lòdì sí wọn ní 2016. Òótọ́ sì ni pé ilé tí a kọ́ sójú àgbàrá ń fa omíyalé fún gbogbo àdúgbò. A kò sọ pé kí ìjọba jáwọ́ nínú ètò ìlú. Àṣà wa fúnra rẹ̀ kò gba kí ẹnì kan ṣe bó ṣe wù ú lórí ilẹ̀. Ohun tí à ń sọ ni pé ìwé yẹ kí ó máa ṣe àkọsílẹ̀ ẹ̀tọ́ tó wà nílẹ̀. Kò yẹ kí àìsí ìwé di ọ̀nà láti pa á rẹ́.

Àgbálọgbábọ̀ àti àbá

Láti èdìdì Dòsùnmú dé C of O, ìyípadà ẹ̀rí ló ń pinnu ẹni tí ilẹ̀ yóò kù sí lọ́wọ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ olùkọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. A dá àbá mẹ́rin.

Kìíní, kí a fi ẹsẹ kẹta àdéhùn 1861 àti ìdájọ́ 1921 kún ohun tí à ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn àti Ẹ̀kọ́ Àwùjọ. Ọmọ tó mọ ọdún tí Èkó bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ kò tí ì mọ ìtàn náà.

Ìkejì, kí àwọn ẹ̀ka èdè fìmọ̀ ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ tí a ó máa lò fún àwọn ìwé ilẹ̀ ní Yorùbá, Hausa àti Igbo. Ènìyàn kò lè gbèjà ẹ̀tọ́ tí kò lè pè lórúkọ ní èdè tirẹ̀.

Ìkẹta, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ gba ìtàn ààlà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà ìlú wọn, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda ẹbí àti lójú àwọn alábàápààlà. Kí ìjọba ìbílẹ̀ ní ìwé ńlá tí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ yóò wà, kí àwọn tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Ìkẹrin, kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan yẹ ìwé ilẹ̀ tirẹ̀ wò kí lọ́yà tó dé. Kí a mọ ẹbí tó ni ilẹ̀ tẹ́lẹ̀, ohun tí a san, ẹni tó gbà á àti ibi tí ààlà dé. Kí a pe àwọn ẹbí náà wá, kí a sì jọ rìn yí ilẹ̀ ká. Àwọn àgbà tó mọ ibi tí pẹ̀rẹ̀gún wà ń dínkù lọ́dọọdún, bí wọ́n bá sì ti lọ tán, gáàsẹ́ẹ̀tì nìkan ni yóò kù láti sọ̀rọ̀.